Ta Ló Ń Gbé Lójúlé Kejì?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Fádéyí, ẹ óò délé láyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti bọ́ bàtà, tí ẹ jókòó ti rédíò níwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí nídìí ààrò, ẹ kú ìsinmi.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó ń gbé ojúlé tó kángun sí tiyín, ta ni? Mo mọ̀ pé ẹ mọ ojú rẹ̀, ẹ sì máa ń kí ara yín bí ẹ bá pàdé lẹ́nu géètì. Mo ní, ta ni? Ìlú wo ló ti wá? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ni èèyàn rẹ̀ tí ẹ lè pè bí nǹkan bá ṣe é lóru? Bí ilẹ̀kùn tiyín náà bá wà ní títì di ọ̀sán gangan, tí ẹnikẹ́ni ò rí yín kí ẹ jáde, ṣé yóò wá kan ilẹ̀kùn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ti gba ẹ̀mí là rí ní Èkó yìí, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú n'Ìkẹjà, ara rẹ̀ kò yá rárá. Ebola ló gbé wọ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbaléndé. Níbẹ̀ ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fàáké kọ́rí pé kò ní jáde, láìka bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ wọn sí. Àrùn náà ran dókítà fúnra rẹ̀, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Yàbá níbí ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó kó àrùn náà, ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn. Gbogbo ayé ló ń wò wá nígbà náà, tí wọ́n ń fọwọ́ lérán. Wọ́n ní tí Ebola bá fi lè wọ inú èrò Èkó, tó wọ inú ilé tí èèyàn mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan, ta ni yóò ká a kò? Ṣùgbọ́n a ká a kò. Èèyàn 20 péré ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú. Nígbà tó fi máa di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé kò sí i mọ́ nílẹ̀ wa.

Báwo la ṣe ṣe é? Wọ́n tọpasẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ti fara kan aláìsàn. Èèyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, l'Èkó níbí, ní Port Harcourt, ní Enugu. Ọjọ́ 21 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi máa yẹ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lójoojúmọ́, bóyá ibà mú un, bóyá ó ń bì. Tí ẹ bá ka iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó tó nǹkan bí 18,500.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí nọ́ńbà ilé ṣe rí l'Èkó. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tó wọ ilé oníyàrá mẹ́rìnlá kan lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè ní Muṣin, tó mú bébà dání, orúkọ ìwé ẹni tó ń wá ló wà nínú rẹ̀. Nínú irú ilé yẹn, ta ló ń fi orúkọ ìwé pe èèyàn? Ìyá Ràṣídì ni wọ́n mọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ronú díẹ̀, tó máa sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lẹ ń wí yẹn. Yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì. Kò tíì dé, ó di aago márùn-ún." Láìsí irú ìyá yẹn, kí ni bébà ọwọ́ òṣìṣẹ́ fẹ́ ṣe?

Ta wá ló kọ́ ìyá ẹlẹ́wà yìí níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó yàn án, kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tó mọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Lánàá ó rí i pé ẹni kan ò ra ẹ̀wà, ló bá béèrè. Níjẹta ó rí àlejò tó gbé báàgì wọlé, ló bá kí i. Ọdún lé ọdún, ó ti mọ gbogbo ilé bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ òní, bó ṣe ń gbilẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, àti bó ṣe ń pòórá. Torí pé ó lè pòórá. Ẹ wo Sùúrùlérè.

Ẹni tó bá ń rìn ní Adéníran Ògúnsànyà lónìí, tó gba Bọ̀dé Thomas já, tó yà sí Àgùdà tàbí Láwàńsọn, tó ń rí ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, yóò rò pé bó ṣe máa ń rí látilẹ̀wá nìyẹn. Rárá o. Apá kan Sùúrùlérè yìí, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá wọn ni wọ́n kó wá síbẹ̀.

Láti ọdún 1924 ni àrùn kan tí eku àti yọ̀rọ̀ ń gbé kiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará Èkó. Ìyẹn ló mú kí ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí L.E.D.B., kí wọ́n lè máa tún ìlú tò. Àwọn ni wọ́n pín ilẹ̀ ní Yàbá, tí wọ́n la àwọn òpópónà gbọọrọ tí ẹ ṣì ń rìn lónìí. Nígbà tó di ọdún 1955, òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kí olú-ìlú ó fani mọ́ra lójú àlejò. Wọ́n pinnu láti wó nǹkan bí éékà 70 láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ilé ibẹ̀ ti há jù, ó ti dọ̀tí jù. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, wọ́n pe ibẹ̀ ní New Lagos. Ilé náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó mọ́ tónítóní, ọ̀nà ibẹ̀ sì fẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lórí bébà yóò ní kí ni èèyàn tún ń fẹ́.

Òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá síbí ní ìparí ọdún 1950 sí 59 yẹn. Ó lọ bá àwọn tí wọn ò tíì lé kúrò ní Erékùṣù, ó sì lọ bá àwọn tó ti wà ní Sùúrùlérè, ó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń náwó, àwọn tí wọ́n máa ń bẹ̀ wò, àwọn tó máa ń bẹ̀ wọ́n wò. Ọdún 1961 ni ìwé rẹ̀ jáde. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ètò ilé fún àwọn ará Èkó ló yẹ kó ka ìwé yẹn kó tó fa ìlà kan ṣoṣo. Èmi ò rò pé púpọ̀ nínú wọn ti kà á.

Ohun tó rí rèé. Obìnrin tó ń tajà níwájú ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí oníbàárà ń wọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ilé, dé Sùúrùlérè, kò rí ẹni tajà fún. Àwọn tó yí i ká, kò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n. Tó bá fẹ́ padà sọ́jà ní Erékùṣù, owó ọkọ̀ á ti jẹ èrè tán. Bí obìnrin ò bá wá rí owó tirẹ̀ mọ́, owó oṣù ọkọ nìkan ni wọ́n fi máa jẹun, òun náà ni wọ́n fi máa san owó ilé, òun náà ni wọ́n fi máa wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tí kò sí ìjà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń yà kí láàárọ̀ lálẹ́, tí ẹ̀gbọ́n ń fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí, tí àbúrò ń fún ní sílè méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku òun nìkan, torí pé àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ẹni tó bá sì máa wá kí i, yóò kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀. Ilé tí wọ́n wó kì í ṣe bíríkì lásán fún onílé. Agboolé ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ẹbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ.

Kí n má bu òtítọ́ kù nínú ohun tó kọ: àwọn kan fẹ́ràn Sùúrùlérè tuntun yìí. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbowó oṣù, tó fẹ́ jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ láìsí pé mọ̀lẹ́bí mẹ́wàá ń wo inú ìkòkò rẹ̀, inú irú wọn dùn. Ìfẹ́ àtidá wà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ò rọ̀ ṣọ̀mù fún ló máa ń nílò aládùúgbò jù, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan náà tí Marris ti wá ti gbé ìwé jáde ní 1957, tí Michael Young àti Peter Willmott kọ, lórí àwọn òṣìṣẹ́ Bethnal Green ní ìlà-oòrùn London tí ìjọba kó lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú. Ọmọbìnrin tó ti ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ wá di ẹni tó ń jókòó nínú ilé dáadáa, tí kò ní ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Ní 1961, ọdún tí ìwé ti Èkó jáde gan-an, Jane Jacobs tó ń gbé ní New York gbé tirẹ̀ jáde. Ó ní ojú àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń ṣọ́ àdúgbò ju ọlọ́pàá lọ. Ó sì kọ ọ́ pé àwọn ará àdúgbò òun a máa fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, kí àlejò tó ń bọ̀ lè rí i gbà. Ẹ ò rí i pé ìyá ẹlẹ́wà wa wà ní New York náà!

Sùúrùlérè ò wà bẹ́ẹ̀ títí. Àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀, àti ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé wọn láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀gbá, láti Ìlà-Oòrùn, láti Òkè Ọya, bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wọn. Èyí gba ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbé tábìlì síwájú ilé tí ètò ìjọba ní kò gbọdọ̀ sí tábìlì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ti ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ti àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá sì bi mí léèrè ohun tó so wọ́n pọ̀ jù, màá ní owó kékeré tí wọ́n jọ ń dá ni.

Ẹ̀súsú àti àjọ kì í ṣe nǹkan kan náà o. Nínú ẹ̀súsú, èèyàn mélòó kan á jọ máa dá iye kan náà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, títí dòní susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ti àjọ, alájọ ló máa ń wá bá yín lójoojúmọ́ nídìí ọjà, ẹ̀ ń san iye tí agbára yín ká, bí oṣù bá parí á kó owó yín fún yín, á yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí dúkìá tí ẹ fi dúró. Ojú ẹni tí ẹ mọ̀ nìkan ni.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ alájọ Ṣómólú. Kì í ṣe ìtàn àlọ́. Èèyàn gidi ni, Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì wà láyé títí di 2012. Ṣómólú ò jìnnà sí Yàbá, ẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Títí dòní, bí ọmọ bá mọ ìṣirò, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ohun tí wọ́n ń ròyìn nípa rẹ̀ ni pé kò kọ owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀, orí ló fi ń ṣírò rẹ̀, kò sì ṣì í. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọ́n ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èmi gbà pé òye ńlá ni. Mọ́tò ò lè wọ àárín àwọn ìsọ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, á fọn fèrè, á kọjá lọ. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, á fẹsẹ̀ tilẹ̀ níwájú aláta, á bi í léèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe. Bó bá dé lọ́jọ́ kejì tí kò bá aláta nídìí ìsọ̀, yóò béèrè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi áàpù orí fóònù dá owó báyìí, ó yá, ó dájú, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n áàpù kò lè bi ẹni tó wà nídìí ìsọ̀ kejì pé, "Ìyá yìí dà? A ò rí i láti ọjọ́ méjì."

Ẹ jẹ́ kí n gba Muṣin kọjá. Bí ọ̀rọ̀ Muṣin bá délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni ìjà àwọn ọmọ ìta. Ó ká mi lára. Muṣin ni Ládípọ̀ wà, tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní ìlú mìíràn máa ń wọkọ̀ òru wá nítorí àtira ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí-Àràbà níbẹ̀ ni ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó wà. Ní Muṣin àti láwọn àdúgbò bíi tirẹ̀ l'Èkó ni orin fújì ti gbèrú, fújì yìí sì jẹ́ ọmọ ajísààrì. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ á jí ní ìdájí, wọ́n á gbé ìlù, wọ́n á máa kọrin wéré láti ilé dé ilé kí àwọn èèyàn lè dìde jẹ sààrì. Ọmọdé ni Síkírù Àyìndé Barrister nígbà tó bẹ̀rẹ̀ irú orin yìí. Lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ológun lásìkò ogun abẹ́lé, tó tún padà sídìí orin, tó sì sọ ọ́ di fújì. Ó ní lára àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ni òun ti mú orúkọ náà. London ló kú sí, ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2010.

Ẹ rò ó wò. Ajísààrì tó fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun lóru gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbé inú ilé. Yóò mọ orúkọ ìyá, yóò mọ oríkì bàbá, yóò mọ ilé tí aláìsàn wà kó má baà lu ìlù jù níbẹ̀. Bí olórin fújì ṣe máa ń dá orúkọ èèyàn àti ti ìdílé rẹ̀ lóde àríyá, tí owó á sì máa rọ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́nu ọ̀nà onílé ni.

Agege Motor Road tó la Muṣin kọjá náà ní ìtàn tirẹ̀. Nọ́ńbà 14 níbẹ̀ ni ilé Fẹlá wà, tí àwọn ṣọ́jà dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Hòtẹ́ẹ̀lì Empire tí Fẹlá ti ń ṣeré ti dẹni àná, ṣùgbọ́n kọ̀ndọ́kítọ̀ dánfó ṣì ń ké "Èmpáyà! Èmpáyà wọlé o!" lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ rí. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí ẹ ti ń bọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì. Ọ̀fẹ́ ni, ohun tí ẹ sì máa gbọ́ kò sí nínú fóònù yín.

Yàbá ń yí padà kíákíá lójú wa. Láti nǹkan bí ọdún 2011 tí ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Co-Creation Hub ti dé sí òpópónà Herbert Macaulay, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń ya wọ àdúgbò náà. Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá bẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lójú títì. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádó wá sí Oyíngbò, ó ń dúró ní Muṣin, ó ń dúró ní Yàbá. Ohun rere ni, mo sì ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n owó ilé ń gòkè. Ilé àtijọ́ oníyàrá púpọ̀, èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ilé ń lo ẹ̀rọ omi kan àti ibi ìdáná kan, wọ́n ń wó o, wọ́n ń kọ́ fúláàtì kéékèèké tí olúkúlùkù ní géètì tirẹ̀, bohóò tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ máa tò síwájú ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé orí ìlà yẹn náà ni wọ́n ti ń mọ̀ pé inú ń run Màmá Chidi. A ò tíì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ óò rántí oṣù kẹrin ọdún 2020. Ìjọba ti sé Èkó mọ́lé nítorí Kòrónà. Láàárín oṣù náà, ìròyìn gbòde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lọ láti òpópónà dé òpópónà, pé wọ́n ń jalè. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Èkó àti n'Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọkùnrin jáde síta lálẹ́, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n jókòó tiná pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbẹ̀rù ló gbé wọn jáde. Ṣùgbọ́n nídìí iná yẹn, àwọn tó ti ń gbé òpópónà kan náà fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi ara wọn ní orúkọ. Oníbáǹkì mọ fọkanáísà. Lánlọ́ọ̀dù mọ̀ pé ọmọ tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé òun jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n kó nọ́ńbà fóònù jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù kásẹ̀ nílẹ̀, iná kú, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn wá di ibi tí wọ́n ti ń fi àdúrà àti ìpolówó ọjà ránṣẹ́.

Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ ro fún ẹ̀yin onílé. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà wa, lóṣooṣù ni ẹgbẹ́ onílé ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò lórí ọdẹ, lórí gọ́tà, lórí tiransifọ́mà, lórí owó géètì. Ta ló ń jókòó níbẹ̀? Onílé nìkan. Ta ló sì pọ̀ jù lójú òpópónà náà? Ayálégbé ni. Onílé míì ò tilẹ̀ gbé níbẹ̀ mọ́, ó ti kó lọ sí Ìkòròdú tàbí Mágbòrò, ọkọ̀ ló ń wọ̀ wá sípàdé. Ẹni tó ń sùn tó ń jí níbẹ̀, tó ń gbọ́ ariwo òru, tó mọ ìgbà tí ọdẹ kì í wá, iye tó máa san nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Èyí kò dára. Ìwọ̀nba ọdún tó fẹ́ lò níbẹ̀ kò sọ ọ́ di àlejò.

Ẹ pè wọ́n, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ayálégbé kan wá, kó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ fi ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kún un, torí òun ló mọ gbogbo yín. Kí akọ̀wé ṣí ojú ewé kan nínú ìwé ìpàdé, kó kọ nǹkan mẹ́ta síbẹ̀. Èkíní, ta ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lójú òpópónà wa? Èkejì, ta ló lọ́kọ̀ tó lè gbé aláboyún lóru? Ẹ̀kẹta, ta ni àgbàlagbà tó ń dá gbé, ta sì ni yóò máa yọjú sí i láàárọ̀? Bí ìwé yẹn bá ti délẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kó wà lórí fóònù ọ̀gá ọdẹ, kó wà lọ́wọ́ ìyá aláàkàrà, kó sì wà lára ògiri ilé tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, a óò ṣí fóònù sílẹ̀ fún ẹ̀yin onílé tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá tẹ́ lọ́rùn, ẹ wá sọ tẹnu yín. Àwọn ayálégbé náà á fèsì.